Ohun ìkó-fìlà-sí àti ohun ìgbé-fìlà-kiri ní ṣọ́ọ̀bù aránfìlà

Ní oṣù Kejìlá ọdún kan, a rán dọ́sìn 4 fìlà abetí ajá fún ìgbéyàwó kan ní Ìsánlú. Aṣọ òkè ni, a fi stay líle, ìyẹn aṣọ tó ń mú kí fìlà dúró, sí i nínú, etí wọn sì dúró ṣánṣán bí etí ajá tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àlejò. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọmọ iṣẹ́ mi kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìrẹsì méjì, ó so wọ́n lẹ́nu, ó sì jù wọ́n sẹ́yìn mọ́tò tó ń lọ láti Kábà. Ẹnìkan gbé àpò gààrí lé e lórí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí a tú ẹrù náà, mọ́kànlélógún nínú fìlà 48 ni etí wọn ti ṣẹ́. Ẹni tó bá ti lo stay líle rí mọ̀ pé bí ó bá ṣẹ́ tán, ojú ìṣẹ́ náà kì í parẹ́ tán mọ́, bó ti wù kí áyọ́ọ̀nù gbóná tó. Àbùkù kan kò sí lára iṣẹ́ abẹ́rẹ́ wa lọ́jọ́ náà. Àpò ìrẹsì ló ba owó wa jẹ́.

Láti ìgbà náà ni mo ti fi ọkàn sí apá iṣẹ́ tí àwa aránfìlà kì í sábà kọ́ ọmọ iṣẹ́: ibi tí fìlà ń dúró sí nígbà tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àti ohun tí a fi ń gbé e láti ọwọ́ kan sí òmíràn. Aṣọ tí a rán tán ṣeé ká. Bàtà ní àtẹ́lẹsẹ̀ tó le, ó lè dá dúró. Ṣùgbọ́n fìlà ṣófo nínú, orí tí yóò gbé e ró kò sì tíì sí nítòsí. Nítorí náà, ní gbogbo àkókò tó fi wà ní ṣọ́ọ̀bù, àwa ni a gbọ́dọ̀ yá a ní orí. Gbogbo ohun èlò tí mo fẹ́ ṣàlàyé nísàlẹ̀ yìí, orí àyálò ni wọ́n, àfi èyí tí a ń lò kí fìlà tó di fìlà.

Ohun kejì tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé fìlà kò wúwo, àyè ló ń gbà. Ọmọdé lè gbé dọ́sìn 3 lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n dọ́sìn 3 náà lè kún ìdajì yàrá bí a bá tò ó sílẹ̀. Nítorí èyí, ohun èlò wa kò ní láti lágbára bíi ti oníṣẹ́ irin. Ó ní láti ga, kó fúyẹ́, kó sì lo afẹ́fẹ́ tó wà lókè orí wa tí a kì í lò fún nǹkan kan.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ tẹ̀lé fìlà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin

Kí ẹ tó pe káfíńtà, ẹ mú ìwé àti bírò, kí ẹ sì tẹ̀lé fìlà kan ṣoṣo láti orí tábìlì ìgé títí a ó fi dì í. Ẹ kọ gbogbo ibi tí wọ́n bá ti gbé e kalẹ̀ sílẹ̀, ìbáà jẹ́ orí àga, ojú fèrèsé, tàbí itan ẹni tó ń gé okùn. Ní ṣọ́ọ̀bù tiwa, ibi 9 ni mo kà: tábìlì ìgé, ibi tí a ti ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ stay mọ́ aṣọ, ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ ọnà sí ara fìlà, ẹ̀rọ tó ń so òkè mọ́ ara, ibi tí a ti ń fi aṣọ inú sí i, orí igi fìlà (igi tí a gbẹ́ bí orí), ibi gbígbẹ, ibi àyẹ̀wò, àti ibi ìdì. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé fìlà tí ọwọ́ kò pẹ́ lára rẹ̀ tó wákàtí méjì lo odindi ọjọ́ mẹ́ta lọ́dọ̀ wa. Ìyókù àkókò náà, ó kàn wà nílẹ̀ níbì kan tó ń dúró de ẹni tó kàn ni, ibẹ̀ sì ni ó ti ń dọ̀tí, tó ń ṣẹ́, tí ó sì ń dàrú mọ́ ti ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka àwọn ibi wọ̀nyí, ẹ pín wọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ibi tí iṣẹ́ ti wà ní pẹlẹbẹ nílò àtẹ. Ibi tí fìlà ti ní ìrísí ṣùgbọ́n tí kò tíì le, tàbí tó ṣì tutù, nílò orí. Ibi tí ó ti parí nílò orí pẹ̀lú ìbòrí. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ń fi ohun èlò kan náà ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ẹ máa ń rí tí wọ́n ń tún fìlà lọ̀ ní òru ọjọ́ tí oníbàárà fẹ́ gbà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: dọ́sìn kan, àtẹ kan, káàdì kan

Mi ò gbà kí fìlà kan máa dá rìn ní ṣọ́ọ̀bù. Méjìlá-méjìlá ni a ń kó wọn rìn, aṣọ kan náà, ìwọ̀n orí kan náà. Ìwọ̀n tí a sábà ń rán fún àgbà ọkùnrin kò ju láti íǹsì 21½ dé 24 lọ, íǹsì 22½ àti 23 sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ ìdajì íǹsì kò hàn sí ojú lásán, ṣùgbọ́n iwájú orí tí yóò dé e mọ̀ ọ́n dáadáa. Bí ìwọ̀n méjì bá ti dàrú pọ̀ lórí tábìlì, tépù nìkan ló lè yà wọ́n, fìlà kọ̀ọ̀kan lẹ́yọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ gé káàdì láti ara páálí, kí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ sì kọ orúkọ iṣẹ́, ìwọ̀n orí, àwọ̀ aṣọ, iye tó wà níbẹ̀, àti ọjọ́ tí a gé e sí i. Àtẹ ni kí ẹ so káàdì náà mọ́, kì í ṣe fìlà. Píìnì tí a fi gún fìlà máa ń lu ihò sí àrán, ó sì máa ń fi ìpáàrà sílẹ̀ lára aṣọ funfun bí ọ̀rinrin bá wà. A tún ń so rìbọ́nì aláwọ̀ mọ́ igun àtẹ, àwọ̀ kan fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ọmọ iṣẹ́ tó ń sáré kì í ka káàdì, ṣùgbọ́n ó máa ń rí àwọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: àtẹ fún ohun tí a gé

Èyí kò le rárá. Pákó plywood tí kò nípọn ni ẹ ó fi ṣe é, kí inú rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, kí ó fẹ̀ ní 40, kí etí rẹ̀ sì ga ní 5. Ẹ gé ojú ọwọ́ sí etí méjèèjì tó fẹ̀ ní 40 kí ènìyàn lè gbé e láìki ìka bọ inú iṣẹ́. Ẹ lo sándípépà fún inú rẹ̀ títí ọwọ́ yóò fi máa yọ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ sì lẹ aṣọ òwú mọ́ ọn. Mo ti rí àwọn tó ń lo àtẹ onírafíà bíi ti àwọn aláta. Ó fúyẹ́, kò sì wọ́n, ṣùgbọ́n ṣónṣó rẹ̀ a máa fa okùn aṣọ òkè jáde. Okùn kan tí ó bá sì yọ lójú aṣọ òkè ti di àbùkù tí ẹni tó jókòó lẹ́yìn onífìlà ní ṣọ́ọ̀ṣì yóò máa wò títí ìsìn yóò fi parí.

Ohun tí a gé kò gbọ́dọ̀ ká. Ara fìlà tí a ti lẹ stay mọ́, ẹ tò ó ní gbọọrọ, ojú rere kọ ojú rere, kí ojú aṣọ méjì máa kọ ara wọn, kí ẹ̀yìn tó ní gọ́ọ̀mù má baà fi ara ra ojú aṣọ. Ara fìlà ìwọ̀n 23 gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60 nígbà tí a bá ti fi àyè ìránpọ̀ kún un, nítorí náà kò ní wọ inú àtẹ tó kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé a ká a. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé kí inú àtẹ náà pé 60 gan-an tàbí kó lé díẹ̀. Àwọn tó ń lo aṣọ tí àwọn ìyá wa ní Bùnú àti Ògìdì ń hun lórí òfì tí a gbé dúró ti ògiri mọ̀ pé aṣọ yẹn fẹ̀ ju aṣọ òkè tẹ́ẹ́rẹ́ lọ, ẹ sì lè gé ara fìlà láìso ó pọ̀. Ṣùgbọ́n ó nípọn pẹ̀lú, ẹ má ṣe tò ó ju mẹ́fà lọ lórí ara wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ráàkì olórí-igbá

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà. Ní kété tí òkè bá ti so mọ́ ara, fìlà ti di fìlà, kò sì gbọ́dọ̀ padà sínú àtẹ mọ́. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń kì í bọ ara wọn bí ìgò, ogún, ọgbọ̀n, títí tí ìsàlẹ̀ yóò fi fẹ̀ lẹ́nu tí òkè rẹ̀ yóò sì tẹ̀. Àwọn mìíràn kan ìṣó mọ́ ògiri. Ìṣó yẹn burú ju ìkìbọra lọ, nítorí pé ojú kan ṣoṣo ni ó fi gbé gbogbo fìlà. Tí ó bá fi máa di ọjọ́ kejì, ó ti yọ ìdodo sí àárín òkè fìlà, ìdodo yẹn kì í sì í wọlé bọ̀rọ̀.

Ohun tí mo ń lò ni igbá. Ní ọjà wa, igbá kékeré kò ṣòro rí lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á fún omi mímu àti ìyẹ̀fun bíbù. Ẹ yan èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 16 sí 17, tí ó sì jìn tó 9 tàbí 10. Orí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ íǹsì 23 fẹ̀ tó 20 láti iwájú dé ẹ̀yìn àti 17 láti etí sí etí, nítorí náà igbá yìí yóò kéré sí fìlà díẹ̀. Bí a ṣe fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn. Òkè fìlà ni kó jókòó lé igbá. Ẹnu fìlà kò gbọ́dọ̀ fún mọ́ ohunkóhun, nítorí pé fìlà tó bá sùn mọ́jú lórí ohun tó tóbi jù ú lọ yóò ti fẹ̀ ní òwúrọ̀, káàdì rẹ̀ yóò sì ti di irọ́.

Ẹ ha inú igbá náà mọ́, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, ẹ fi sándípépà fá ẹ̀yìn rẹ̀ kó dán, kí ẹ sì kun ún ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí òórùn fáníìṣì lè kúrò. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi aṣọ òwú àtijọ́ bò ó; síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ló dára jù, ó máa ń fà, ó sì máa ń di igbá mú. Nínú igbá náà, ẹ fi gọ́ọ̀mù káfíńtà lẹ pákó roboto tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 8, tí a ti lu ihò sí láàárín, kí orí ọ̀pá lè wọ inú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti lu igbá fúnra rẹ̀ kí n sì dè é ní súkúrù. Ó sán ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ má lu igbá.

Fún ọ̀pá, ẹ ra ọ̀pá ìgbálẹ̀ onígi, kí ẹ fi ayùn gé e ní sẹ̀ǹtímítà 22-22. Ẹ kàn án mọ́ ara ráàkì kí orí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, bí ìwo màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, kí fìlà má baà yọ̀ sílẹ̀ nígbà tí a bá ń fà á. Gígùn 22 yìí ni kò ní jẹ́ kí etí fìlà kan igi tó wà lẹ́yìn.

Ráàkì fúnra rẹ̀ jẹ́ férémù igi 2 by 2, tí ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 120, tí ìlà ọ̀pá rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́fà. Ìlà tó wà nísàlẹ̀ jù ga ní 40 kúrò nílẹ̀, kí eruku ìgbálẹ̀ àti omi ìfọlẹ̀ má baà dé e. Ìyókù jìnnà sí ara wọn ní 28, tí ìlà òkè pátápátá fi bọ́ sí 180, níbi tí ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ tí kò ga púpọ̀ ṣì lè dé láìgun àga. Ọ̀pá 5 ni yóò wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan, 24 láàárín wọn. Ìyẹn jẹ́ 30 ní ojú kan, 60 ní ojú méjèèjì, tí í ṣe dọ́sìn 5 gééré. Fún abetí ajá, ẹ fi 30 sí àárín ọ̀pá dípò 24, kí ẹ sì gbà pé ọ̀pá 4 ni yóò wà ní ìlà kan. Etí tó bá ń kan etí ẹnìkejì rẹ̀ kì í dúró dáadáa.

Ohun tó máa ń ṣubú ni ráàkì tó ga tí ẹrù rẹ̀ fúyẹ́. Ọmọdé kan gbá a lápá, ó wó. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 65, kí ẹ kan pákó kan mọ́ ìsàlẹ̀, kí ẹ sì gbé búlọ́ọ̀kù kan sí apá ọ̀tún àti ọ̀kan sí apá òsì. Bí a bá ka ọ̀pá àti igbá ojú méjèèjì pọ̀, ráàkì náà yóò fẹ̀ tó 70. Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà yín kí ẹ tó gé igi kankan. Èmi mọ ẹnìkan tí ráàkì rẹ̀ kò tíì jáde kúrò nínú yàrá tí káfíńtà ti kàn án.

Ráàkì yìí ní àǹfààní kan tí n kò retí. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, mo fi gbogbo 60 sí àárín ẹ̀rọ tó ń so fìlà àti ẹni tó ń fi aṣọ inú sí i. Ẹni tó wà lórí ẹ̀rọ yára, ó sì máa ń kún un láàárín ọjọ́ kan. Ẹni aṣọ inú kò lè bá a, fìlà á wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, eruku á bò ó. Mo bá yọ ọ̀pá kúrò títí ó fi ku 24. Òfin wa sì ni pé bí 24 náà bá ti kún, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á sì dìde lọ bá ẹni aṣọ inú ṣe é. Inú rẹ̀ kò kọ́kọ́ dùn sí i. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù kan, iṣẹ́ tó ń gba ọjọ́ mẹ́ta bẹ̀rẹ̀ sí í parí ní ọjọ́ kan àbọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àyè tí a fún fìlà láti dúró, yóò kún un. Ẹ má ṣe fún un ní èyí tó pọ̀ jù.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: igi fìlà àti ibi gbígbẹ

Fìlà tí a fi sítáàṣì sí, tàbí èyí tí a fi omi gbígbóná rọ̀ kó lè mú ìrísí, gbọ́dọ̀ gbẹ lórí igi tó bá ìwọ̀n rẹ̀ mu gan-an. Ọ̀rọ̀ kò rí bákan náà pẹ̀lú ti igbá. Níhìn-ín, ẹnu fìlà ni a fẹ́ kó mú ìwọ̀n. Igi tó fúyẹ́ tí kò ní oje aláwọ̀ ni kí ẹ fún agbẹ́gilére, kí ẹ sì fi ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ wé e kí ẹ tó dé fìlà tútù lé e lórí. Ìṣó kankan kò gbọ́dọ̀ yọjú lára igi náà. Ìṣó, omi àti aṣọ funfun kì í gbé pọ̀ láìsí ìpáàrà.

Ibi tí a ó to àwọn igi náà sí yẹ kó jẹ́ pẹpẹ onípákó tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ lè gba àárín wọn kọjá, kì í ṣe pákó tó dí pa. Ní ilẹ̀ Okun wa níhìn-ín ní ìpínlẹ̀ Kogí, a ní ìgbà méjì tó yàtọ̀ síra gan-an. Nígbà òjò, pàápàá láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹwàá, fìlà tó ní sítáàṣì lè má gbẹ tán lọ́jọ́ kan, bí a bá sì kó o pa mọ́ bẹ́ẹ̀, yóò bu. Ẹ gbé pẹpẹ náà sí ọ̀kánkán fèrèsé méjì tó kọjú síra, kí ẹ sì tan fáànù bí iná bá wà. Nígbà ọyẹ́, fìlà máa ń gbẹ kíákíá, ṣùgbọ́n eruku tó bá bà lé sítáàṣì tútù yóò gbẹ mọ́ ọn lára, fífọ̀ nìkan ló sì lè mú un kúrò. Nígbà náà, ẹ ta aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo pẹpẹ bí àwọ̀n ẹ̀fọn, kí ó má kan fìlà. Ẹ má ṣe sá fìlà aláwọ̀ sí oòrùn tààrà nígbà kankan. Ojú kan á ṣá, ojú kejì kò ní ṣá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: gbígbé e kiri nínú ṣọ́ọ̀bù

Ṣọ́ọ̀bù tí ènìyàn rẹ̀ kò ju mẹ́fà lọ kò nílò ohun púpọ̀ níbí. Ọwọ́ àti àtẹ tó. Bí ẹ bá fẹ́ kí ráàkì máa rìn, ẹ yọ búlọ́ọ̀kù, ẹ fi pákó tó wúwo rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì de táyà mẹ́rin mọ́ ọn, kí méjì nínú wọn ní bíréèkì. Táyà rọ́bà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 ni kí ẹ rà. Àwọn kékeré tí a ń rí lábẹ́ àga ọ́fíìsì a máa há sínú ihò sìmẹ́ǹtì, tí gbogbo fìlà á sì gbọ̀n bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa fà á, ẹ má máa tì í, kí ẹ lè rí ibi tí ẹ ń lọ.

Ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní òkè òkun, irú ráàkì alátáyà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé fìlà láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Ìlú Luton ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Danbury ní Amẹ́ríkà jẹ́ ìlú tí iṣẹ́ fìlà ti sọ di olókìkí nígbà kan rí, ilé iṣẹ́ Borsalino tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ítálì ní ọdún 1857 sì ṣì ń ṣe é. Fìlà onírun tí a fi ooru àti omi mọ ni tiwọn. Nígbà tí ó ṣì rí bí àrọ tí kò tíì ní ìrísí fìlà, wọ́n lè kì í bọ ara wọn. Ṣùgbọ́n ní kété tí ó bá ti bọ́ lórí igi, kálukú dá dúró. Òfin wọn kò yàtọ̀ sí tiwa.

Ìgbésẹ̀ keje: fìlà tó ti parí

Ẹ kó fìlà tó ti parí kúrò ní yàrá tí ẹ ti ń gé aṣọ, nítorí òwú tó ń fò. Àrán ló nílò ìtọ́jú jù. Irun àrán tí a bá tẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ máa ń sùn sí apá kan, ibi tó sùn yẹn á sì máa dán bí ẹni pé epo ta sí i. Nítorí náà, kò sí ìdí kankan tí a fi gbọ́dọ̀ kó fìlà àrán lé ara wọn. Lórí igbá ni kó wà títí oníbàárà yóò fi dé. Bí ó bá sùn, ẹ gbé e sójú oru omi gbígbóná, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbé irun rẹ̀ dìde. Fìlà gọ̀bì tí kò ní stay ṣeé tẹ́ ní pẹlẹbẹ, méjìlá lórí ara wọn, ìwé funfun láàárín wọn. Èyí ló mú kí n fẹ́ràn iṣẹ́ gọ̀bì nígbà tí àyè bá há.

Aáyán àti eku fẹ́ràn sítáàṣì bí ènìyàn ṣe fẹ́ràn ẹ̀kọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ jẹun ní yàrá yìí. Bí ẹsẹ̀ ráàkì bá jẹ́ igi, tí ilé sì ní ikán, ẹ gbé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sínú agolo tí ẹ bu ọ́ìlì mọ́tò tó ti lò tán sí, kí ráàkì má sì kan ògiri níbì kankan. Káńfọ̀ dára fún fìlà onírun àti ti sányán, ṣùgbọ́n inú àpò aṣọ kékeré ni kí ẹ so ó sí. Ẹ má jẹ́ kó fara kan aṣọ.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: fìlà lójú ọ̀nà

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Kábà sí Lọ́kọ́ja tàbí èyí tó gba Mopà lọ sí Ẹ̀gbẹ̀ mọ̀ pé kò sí mọ́tò tí kì í gbọ̀n ẹrù. Páálí líle ni kí ẹ lò. Páálí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó fẹ̀ ní 40, tó sì ga ní 40 yóò gba fìlà 6 ní ìpele kan, mẹ́ta ní gígùn, méjì ní fífẹ̀. Bí fìlà bá ga tó 11, ìpele mẹ́ta ni yóò wọ̀ ọ́, pákó páálí tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ìpele kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ 18. Bí ẹ bá kì wọ́n bọ ara wọn ní méjì-méjì, àyè kò ní tó fún ìpele mẹ́ta mọ́, àfi kí ẹ dín ìpele kù sí méjì: 24 nìyẹn, dọ́sìn 2 gééré. Ẹ má kì í ju méjì lọ.

Kí ẹ tó to wọn, ẹ ṣe orí fún wọn láti ara ìwé: ìwé funfun tí kò ní ìkọ̀wé, kí ẹ kóra rẹ̀ jọ ní wúruwùru, kí ó kún inú fìlà láìfún un. Ìwé ìròyìn a máa ta yíǹkì dúdú sí aṣọ inú, ìgbóná mọ́tò sì tún ń mú kó yá. Fún abetí ajá, ẹ gé páálí sí ìrísí etí, kí ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn etí kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ọ̀rá bo gbogbo rẹ̀ nígbà òjò, ṣùgbọ́n ẹ lu ihò díẹ̀ sí i; ọ̀rá tó dí pa nínú ooru yóò làágùn. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí ní ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé fìlà ni, kí ẹnikẹ́ni má gbé nǹkan lé e. Kí ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ìkọ̀wé náà. Ẹ bá awakọ̀ sọ̀rọ̀, ẹ san owó àyè ìjókòó kan bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, kí páálí jókòó bí èrò. Iye owó ìjókòó kan kò tó owó fìlà méjì.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀kadà ni yóò gbé e dé abúlé, páálí kan ṣoṣo ni kó gbé, kí ó wà láàárín ọlọ́kadà àti ẹni tó tẹ̀lé e. Páálí tí a fi rọ́bà dè sẹ́yìn ọ̀kadà yóò fún nínú bí ìbàdí ẹni tó so ìró le jù, ẹ ó sì rí ojú rọ́bà náà lára fìlà méjì tó wà ní etí.

Àkẹtẹ̀ àti fìlà obìnrin

Àkẹtẹ̀ oníkoríko àti fìlà obìnrin tó ní etí fífẹ̀ kò lè lo ráàkì yìí, nítorí pé etí wọn lè fẹ̀ ju 40 lọ. Bí ẹ bá gbé e sórí tábìlì, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí òkè rẹ̀ wà nílẹ̀ kí etí rẹ̀ sì kọjú sókè. Bí ẹ bá gbé e ní ìdúró, ìwúwo ara rẹ̀ yóò tẹ etí náà. Koríko tó gbẹ jù nígbà ọyẹ́ a máa ṣẹ́, nítorí náà ẹ fi aṣọ tútù tí a fún gbẹ sínú yàrá náà. Fún fìlà obìnrin tó ní ìyẹ́ tàbí òdòdó, ẹ gún ìdí rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ páálí pẹ̀lú òwú ní ojú mẹ́ta, kí ó má lè rìn nínú rẹ̀. Òwú yẹn ni kí oníbàárà gé fúnra rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan, a máa ń kó gbogbo fìlà kúrò lórí ráàkì kan, a ó bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì ara igbá rẹ̀ fọ̀, a ó sì fi ìka kan igbá kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá dún bí ìkòkò tó sán, a ó yọ ọ́ kí ọjọ́ Ajé tó dé.